Alùpùpù Tó Dọ̀bálẹ̀ Kí Àna

"Ìka ọmọńdinrín ọwọ́ òsì mi ni mo fi ń gbé e dìde tó bá ṣubú," ni Gàní wí, ó sì na ìka náà sókè kí gbogbo ẹni tó wà níbi ìfọ-ọkọ̀ lè rí i. "N kì í lo ti ọ̀tún. Ti ọ̀tún lágbára jù. Ọjọ́ tí mo lò ó, máṣíìnì fò kọjá òrùlé, ọ̀nà Jẹ́bà la ti lọ mú un."

Wọ́n ń bá iṣẹ́ wọn lọ. Ó ní àbí wọ́n rò pé irọ́ ni? Ó ní lọ́jọ́ kan, lórí afárá odò Àsà, alùpùpù náà dà wó, tírélà tó kó sìmẹ́ńtì sì gùn ún lórí, dírẹ́bà wà nínú rẹ̀, ọmọ ọkọ̀ sì sùn lọ fọnfọn sórí ẹrù. Òun na ìka, òun gbé gbogbo rẹ̀ pọ̀, alùpùpù, tírélà, sìmẹ́ńtì àti dírẹ́bà, òun sì rọra tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ọmọ ọkọ̀ kò jí. Odò Àsà fúnra rẹ̀ dúró wòran, kò ṣàn títí òun fi parí iṣẹ́.

Àmínù, tí wọ́n jọ ń fọ ọkọ̀ lẹ́yìn Post Office, kò gbójú kúrò lára táyà tó ń fi búrọ́ọ̀ṣì ha. Ó kàn bi í pé, "Máṣíìnì ta ni?"

Ìbéèrè tí Gàní kì í fẹ́ gbọ́ gan-an nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́ nípa alùpùpù yìí, nítorí òtítọ́ rẹ̀ gan-an ju irọ́ lọ. Kì í ṣe irú èyí tí ọlọ́kadà fi ń gbé èrò. Ó pupa bí ata rodo, ó sanra bí màlúù tí wọ́n ń bọ́ de Iléyá. Bó bá bú ramúramù níbí, adìẹ tó wà ní Òkè-Òyì á yé ẹyin tí kò ní lọ́kàn láti yé. Àwọn ọkùnrin tó ti bí ọmọ mẹ́jọ ti gbìyànjú àtigùn ún, wọ́n ní ìyá àwọn ń pe àwọn nílé. Obìnrin kan ló ni ín, akọ̀wé ìjọba ní GRA, ọmọ Òmù-Àrán, Ìrètí ni orúkọ rẹ̀. Obìnrin náà kò ga ju àgbá omi lọ. Láràárọ̀ Sátidé ló máa ń gbé alùpùpù náà wá fún fífọ̀, á fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ fún Gàní, á lọ dirun, á padà wá gbé e nígbà tí wọ́n bá kí ìrun ọ̀sán tán. Ìkìlọ̀ kan náà ló sì máa ń fi sílẹ̀: kó fọ̀ ọ́, kó má gùn ún.

Láti ọjọ́ tó ti ń kìlọ̀, Gàní ò gùn ún rí. Ó kàn máa ń jókòó lé e lórí, á fi ẹnu hó bí ẹ́ńjìnnì. Ṣùgbọ́n Sátidé yìí yàtọ̀.

Ọ̀rọ̀ ìyàwó ni. Ọdún kejì rèé tí Gàní ti ń fẹ́ Ruqoyyah, tó ń ran aṣọ ọmọ iléèwé, ọmọ Ààfáà Abdulmumini ti agbo ilé Oníkànhún, lẹ́bàá Ọjà-Ọba. Ààfáà ti ránṣẹ́ pé kí ọ̀dọ́mọkùnrin náà dá wá lọ́jọ́ Sátidé, kí ilé rí ojú rẹ̀. Bí ilé bá rí i tí wọ́n sì gbà á, kí àwọn èèyàn rẹ̀ máa bọ̀ wá tọrọ ọmọ. Bí wọn kò bá gbà á, kó máa lọ ní àlàáfíà Ọlọ́run. Tíṣà kan láti Òkè-Ọdẹ sì wà níbi kan tó ń dúró de kí Gàní máa lọ ní àlàáfíà Ọlọ́run.

Ruqoyyah ti bá a sọ ọ́ lórí fóònù. Ó ní kó fi ẹsẹ̀ rẹ̀ wá. Ó ní bàbá òun kò fẹ́ràn ariwo, kó wá, kó dọ̀bálẹ̀, kó sì pa ẹnu rẹ̀ mọ́, nítorí ẹnu yẹn ni ẹ̀rù rẹ̀ ń ba òun. Gàní búra. Wáláhì, ẹsẹ̀ lòun máa fi wá. Ohun tí kò sọ fún un ni pé ó ti pàdé Bàbá Umar, àbúrò Ààfáà, lọ́nà mọ́sálásí ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó sì ti ròyìn alùpùpù òun fún un, pẹ̀lú ìka ọmọńdinrín, pẹ̀lú tírélà, pẹ̀lú odò Àsà tó dúró wòran. Ẹni tó sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, báwo ló ṣe máa fi sálúbàtà rìn wọlé? Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀, ni Gàní wí nínú ọkàn rẹ̀. Ó nu alùpùpù náà gbẹ. Ó wọ jàlàbíà funfun tó ti lọ̀ títí tó fi le bíi páànù. Àmínù ní kó rántí ẹni tó ni máṣíìnì. Gàní ní ta ló ni ín, ṣé ẹni tó ń fọ nǹkan lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kò ti ní díẹ̀ nínú rẹ̀ ni?

Ó ṣáná sí i. Ó lọ.

Ẹ wá wo Gàní lórí alùpùpù. Ó kọjá ní ojúde ọjà, àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn lẹ̀ mọ́ ògiri, kẹ̀kẹ́ yà fún un, afẹ́fẹ́ wọ inú jàlàbíà rẹ̀, ó fẹ̀ bí àgọ́ ìyàwó. A gbọ́ pé tòmátì tí kò tíì pọ́n lórí àtẹ pọ́n lójú ẹsẹ̀ nítorí ìpayà. Ó ń kí àwọn tí kò mọ̀. Ó ń kí àwọn tí kò wò ó. Lójú ara rẹ̀, gbogbo Ìlọrin ló jáde wá sin ọkọ ìyàwó.

Ó ti ṣe ètò bí òun yóò ṣe sọ̀ kalẹ̀. Yóò pa ẹ́ńjìnnì. Yóò ta ẹsẹ̀ irin tí alùpùpù fi ń dúró. Yóò wá rọra bọ́ọ́lẹ̀, kọ́kọ́rọ́ á máa ró lọ́wọ́ rẹ̀, yóò sún mọ́ wọn, yóò sì dọ̀bálẹ̀. Ètò tó dára ni, kò sí àbùkù kankan lára rẹ̀.

Ààfáà Abdulmumini jókòó sórí ẹní lẹ́nu ọ̀nà agbo ilé, tẹ̀súbà lọ́wọ́ rẹ̀. Gàní pa ẹ́ńjìnnì. Bí ariwo náà ṣe kú, àgbàlagbà náà gbójú sókè, ojú àwọn méjèèjì sì ṣe mẹ́rin.

Ẹni tí wọ́n bí ní Ìlọrin, tí wọ́n sì kọ́ nílé dáadáa, tí ó bá rí bàbá ọmọ tó fẹ́ fẹ́, ara rẹ̀ kì í bèèrè lọ́wọ́ orí kó tó lọ sílẹ̀. Ọwọ́ Gàní méjèèjì fi alùpùpù sílẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ré e kọjá. Àyà rẹ̀ balẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kan iyẹ̀pẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja bí ẹran tí wọ́n là sórí àtẹ. Láàrin òfurufú, nígbà tó ń lọ sílẹ̀, ló rántí ẹsẹ̀ irin.

Alùpùpù náà kọ́kọ́ dúró fúnra rẹ̀, bí ẹni tó ń rò ó bóyá kó bínú. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bí àgbàlagbà tí oorun ń kùn, ó sì dùbúlẹ̀ sí ọ̀tún. Gbìì. Alángbá tó wà lára ògiri já bọ́. Ní Ọ̀fà, àwọn èèyàn jáde síta, wọ́n ní ṣé òjò ni.

Nígbà tí eruku rọlẹ̀, àwọn méjèèjì wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn níwájú Ààfáà, Gàní àti alùpùpù.

"Kí ló ṣe máṣíìnì?" ni Ààfáà bèèrè. Ohùn rẹ̀ kì í ga, ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ọ ló ń tẹ̀ sún mọ́ ọn.

Gàní rántí pé Ruqoyyah ní kí òun pa ẹnu mọ́. Ó gbìyànjú. Ọlọ́run rí i pé ó gbìyànjú.

"Òun náà ń kí yín ni, Bàbá," ó wí látinú iyẹ̀pẹ̀. "Mo ti kọ́ ọ nílé. Kò gbọdọ̀ rí àna kó wà lóòró."

Ààfáà wo alùpùpù náà. Ó fi ìka ti ẹyọ tẹ̀súbà kan kọjá.

"A gbọ́ kíkí rẹ̀," ó wí. "Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ dìde."

Gàní dìde. Èkejì rẹ̀ kò dìde.

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tí kò sí nǹkan, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ọwọ́ alùpùpù mú bí ẹni di ìwo màlúù mú, ó sì fà. Ẹ̀yìn rẹ̀ ró bí igi gbígbẹ. Alùpùpù náà kúrò nílẹ̀ dé ojúgun, ó dé orúnkún, ó ku díẹ̀. Ibẹ̀ ni Ìyá Àgbà Bàríkísù, ìyá Ààfáà, ti yọ lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú bútà àlùwàlá lọ́wọ́.

Kí ni kó ṣe? Bí èèyàn kò bá dọ̀bálẹ̀ fún ìyá bàbá ìyàwó, ilé ta ló tún kù tó máa lọ? Ó fi alùpùpù sílẹ̀, gbìì, ó sì dojú bolẹ̀. Inú Ìyá Àgbà dùn. Wọ́n gbé bútà kalẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ àdúà. Wọ́n ṣe é fún ẹ̀mí gígùn, wọ́n ṣe é fún ọmọ, wọ́n ṣe é fún Mẹ́kà àti ìpadàbọ̀ láti Mẹ́kà, wọ́n tọrọ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má kọ, kí ẹrù rẹ̀ má wó. Ní ibi tí ẹrù rẹ̀ kò ní wó yìí, Gàní ṣe àmín tó gùn ju gbogbo ìyókù lọ. Kí wọ́n tó ní kó dìde, èèrà ti ṣe ọ̀nà gba abẹ́ jàlàbíà rẹ̀.

Ó padà síbi alùpùpù. Ó tún fà á. Ó dé orúnkún. Bàbá Umar jáde. Gbìì.

Bẹ́ẹ̀ ni nǹkan ṣe ń lọ. Ẹ mọ̀ pé agbo ilé Oníkànhún kì í ṣe ilé, ìlú ni. Ojúlé tó wà níbẹ̀, ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í kí wọn láàárọ̀ kò ní tíì dé ìdajì nígbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ á funfun. Ẹni tó bá sì fẹ́ ọmọ níbẹ̀, gbogbo wọn ló fẹ́. Ẹni tí wọ́n bí lánàá níbẹ̀, àgbà ni lójú àna. Ariwo gbìì yìí sì ń pè wọ́n jáde. Bàbá kan á yọ, Gàní á ti ń fà á bọ̀ dé orúnkún, á jù ú sílẹ̀, á dọ̀bálẹ̀. Ariwo ìyẹn á pe ẹlòmíràn. Ìyá ẹlẹ́kọ kan tó kàn fẹ́ da omi nù gba ìdọ̀bálẹ̀. Bàsíà wà lórí rẹ̀, kò lè wo ilẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ tẹ Gàní lọ́wọ́, ó sì kí i kú àtilé wá.

Basheerah náà jáde, ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta, ìyẹ̀fun mílíìkì ló ń lá látọwọ́. Ọmọ àbúrò Ruqoyyah ni. Gàní wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ààfáà ń wò ó. Ó fi alùpùpù sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ fún Basheerah. Wàhálà tó wá wà níbẹ̀ ni pé ọmọ náà kò mọ̀ pé òun ló yẹ kó sọ fún un pé kó dìde. Ó wo ọkùnrin gbọ̀ngbọ̀nràn tó dùbúlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó lá mílíìkì rẹ̀, ó wá yí ká, ó sì jókòó sí i lẹ́yìn. Ó pẹ́ kí ìyá rẹ̀ tó wá gbé e. Nígbà tí òbúkọ kan jáde lẹ́yìn èyí, orúnkún Gàní ti tẹ̀ dé ìdajì kó tó rí ìwo. Ó sì kí i náà. Kò sí bí èèyàn ṣe lè mọ ipò tó wà nínú ilé.

Àwọn ọkùnrin mélòó kan tó ń bọ̀ láti mọ́sálásí ti ká ọwọ́ aṣọ wọn sókè láti bá a gbé e. Ọpẹ́ ti dé ẹnu Gàní nígbà tí Bàbá Umar na ọwọ́ dá wọn dúró.

"Ẹ fi í sílẹ̀," Bàbá Umar wí, ó ń fi ojú rẹ́rìn-ín. "Kò nílò yín. Ó sọ fún mi fúnra rẹ̀ pé ìka ọmọńdinrín òsì lòun fi ń gbé e. Ó ní tírélà wà lórí rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn o. Lónìí kò sí tírélà. Ó yẹ kó rọrùn."

Gbogbo agbo ilé wo ìka Gàní. Ìka náà fúnra rẹ̀ fẹ́ sá wọ inú àtẹ́lẹwọ́.

Ààfáà gbé tẹ̀súbà kalẹ̀ sórí ẹní. Ó bèèrè lọ́wọ́ Gàní bóyá òótọ́ ló sọ bẹ́ẹ̀. Gàní ní òótọ́ ni òun sọ ọ́, èyí kì í sì í ṣe irọ́, nítorí ó sọ ọ́.

"Ó dáa," ni Ààfáà wí. "Nílé yìí, ohun tí èèyàn bá fẹnu ara rẹ̀ sọ nípa ara rẹ̀ la fi ń mọ̀ ọ́n. Fi ìka náà gbé e. Bó bá ti dìde, kí àwọn èèyàn rẹ máa bọ̀."

Gàní gbójú sókè, ó sì rí Ruqoyyah lójú fèrèsé, ó fi etí hìjáàbù rẹ̀ bo ẹnu, ojú rẹ̀ nìkan ló hàn. Ojú náà kò bínú. Ó rí bí ojú ẹni tó ń wo omi ọbẹ̀ tó ń hó dànù, tí ọwọ́ rẹ̀ kò tó ìkòkò.

Gàní wú ikọ́. Ó ní irin náà ṣì gbóná, kí wọ́n jẹ́ kó tutù. Wọ́n jẹ́ kó tutù. Ó ní ìka òun ti fọwọ́ kan ilẹ̀, àfi kí òun ṣe àlùwàlá fún un. Ìyá Àgbà fún un ní bútà. Ó fọ ìka náà títí, ó fọ àárín èékánná, omi tán. Kò wá sí nǹkan mìíràn láti ṣe, ló bá ní irú máṣíìnì yìí kì í dìde bí orí rẹ̀ kò bá kọjú sí gábàsì bíi ti ẹni tó ń kírun.

Ẹ ò mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yìí dá sílẹ̀. Bàbá kan ní orí rẹ̀ ti kọjú sí gábàsì tẹ́lẹ̀. Bàbá kejì ní rárá, ibi tí iná wà kọ́ ni orí máṣíìnì, ibi tí èèyàn ń jókòó ni orí rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọpọlọ wà. Ẹnì kẹta ní tó bá jẹ́ pé ó dọ̀bálẹ̀ ni, àyà là á wò, a kì í wo orí. Iyàn bẹ́ sílẹ̀, wọ́n ń fi àpẹẹrẹ tú u wò, Gàní sì ń gbàdúrà nínú ọkàn kí àríyànjiyàn náà wọ inú oṣù Ràmàdáánì. Ààfáà ló pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Ó ní ibi gbogbo ni ti Ọlọ́run, kí ọmọkùnrin náà gbé e.

Gàní bẹ̀rẹ̀. Ó ti ìka ọmọńdinrín òsì bọ abẹ́ ọwọ́ alùpùpù. Ó ní "Bìsìmílà." Ó gbé.

Ìka náà dún. Kò dún bí egungun, ó dún bí ọmọ ológbò tí ilẹ̀kùn há nírù. Omi jáde lójú Gàní, ó jáde nímú rẹ̀, iṣan ọrùn rẹ̀ tó okùn ìdè màlúù. Alùpùpù náà ò mọ̀ pé ẹnì kan ń bá òun sọ̀rọ̀. Gàní sì ń rẹ́rìn-ín sí wọn látinú ìrora yẹn, ó ní ẹ ṣe sùúrù, ó ti ń bọ̀, ó ti ń gbọ́.

Àsìkò yẹn ni kẹ̀kẹ́ kan fi yà wọlé, ó dúró pẹ̀lú eruku. Obìnrin kúkúrú kan bọ́ọ́lẹ̀. Ìdajì orí rẹ̀ ni wọ́n dì, ìdajì kejì dúró ṣánṣán bí igbó tí ẹnikẹ́ni ò ro, ìyarun sì wà nínú igbó náà, ó dúró bí ẹni tó sọnù. Táwẹ́lì ṣì wà ní èjìká rẹ̀.

Ìka Gàní ṣì wà lábẹ́ irin. Gbogbo ara rẹ̀ ló tutù àfi ìka náà.

Ìrètí kò pariwo. Ó kọ́kọ́ kúnlẹ̀, ó kí Ààfáà, ó kí Ìyá Àgbà, ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má bínú sí irun òun. Ó ní òun jókòó síbi ìdirun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà, òun gbọ́ ohùn kan tó kọjá, òun sì mọ ohùn náà bí ìyá ṣe ń mọ ẹkún ọmọ rẹ̀. Òun kọ́kọ́ rò pé àlá ni. Lẹ́yìn náà ni òun ń gbọ́ gbìì, gbìì, láti ìhà ibí yìí wá, gbogbo ọjà ló sì ń gbọ́ ọ. Ó wá dìde, ó sì lọ síbi alùpùpù.

Kò wo Gàní. Ó fi ẹsẹ̀ ta ẹsẹ̀ irin náà síta, níbi tó wà lókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì. Lẹ́yìn náà ó ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ kò retí: ó kọ ẹ̀yìn sí i. Ó lóṣòó, ó fi ìdí ti àga rẹ̀, ó fi ọwọ́ kan di ọwọ́ alùpùpù mú, ó fi èkejì di irin tó wà lábẹ́ àga mú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rin ẹ̀yìn, ìṣísẹ̀ kéékèèké, bí obìnrin tó ń ti ilẹ̀kùn tó wúwo pa pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Ẹsẹ̀ ló fi gbé e, kì í ṣe ọwọ́. Alùpùpù náà dìde láìjiyàn. Ó dìde bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ wá mú nílé ẹlòmíràn. Ó fara ti ẹsẹ̀ irin rẹ̀, ó dúró.

Ẹnu gbogbo agbo ilé là. Ìyá Àgbà ní súbúhánàllàhì.

Ẹnikẹ́ni mìíràn tó wà nípò Gàní, ilẹ̀ ni ì bá wò. Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ti ṣí kó tó rí i mú.

"Ẹ rí i bí mo ṣe kọ́ ọ dáadáa," ó wí.

Ìrètí yí padà, díẹ̀díẹ̀, ìyarun mì nínú irun rẹ̀. "Gàní," ó wí, "ta lo kọ́?"

Àwọn tó wà níbẹ̀ wo Ìrètí. Wọ́n wo kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ Gàní. Wọ́n wo ọwọ́ tí Ìrètí nà sílẹ̀ de kọ́kọ́rọ́ náà. Bàbá Umar ti ń fi fìlà bo ẹnu rẹ̀, èjìká rẹ̀ ń mì.

"Ọmọ mi," ni Ààfáà wí, jẹ́jẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, "máṣíìnì yìí, ta ló ni ín?"

Gàní fi kọ́kọ́rọ́ sí ọwọ́ tó nà, ó sì lọ sílẹ̀, àyà rẹ̀ kan iyẹ̀pẹ̀. Ó dùbúlẹ̀ síbẹ̀, ó ń wá irọ́. Ó wá a nínú àpò gbogbo tó ní. Irọ́ tó ti sọ fún gbogbo Ìlọrin látìgbà tó ti mọ ọ̀rọ̀ sọ, ó tò wọ́n síwájú, ó ń yẹ̀ wọ́n wò, kò sí ọ̀kan tó gùn tó ìbéèrè àgbàlagbà náà. Ó gbójú sókè. Ruqoyyah ti kúrò lójú fèrèsé. Ó rò pé ó ti tán nìyẹn, tíṣà Òkè-Ọdẹ ti ń fi sálúbàtà bọ̀ lọ́nà.

Lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀ rẹ̀ dáhùn dípò ẹnu. Ó ti orí ìdọ̀bálẹ̀ bẹ́ bí ọ̀pọ̀lọ́ tí omi gbígbóná bá, ó fo Basheerah, ó fo bútà, ó kọjá láàrin ẹsẹ̀ àwọn tó ń ṣàríyànjiyàn gábàsì. Sálúbàtà rẹ̀ kò tíì mọ̀ pé ó ti lọ. Fìlà rẹ̀ dúró nínú afẹ́fẹ́ ní ibi tí orí rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀. Ó sáré tó bẹ́ẹ̀ tí òjìji rẹ̀ fi bẹ̀ ẹ́ pé kó rọra, wọ́n jọ ń lọ ni. Ó ń retí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo láti ẹ̀yìn, ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa ń pariwo tẹ̀lé ẹni tó ń sá lọ pẹ̀lú ẹrù ẹlẹ́rù, tí gbogbo ọjà á sì gbọ́, tí gbogbo ọwọ́ á sì mú òkúta.

Kò gbọ́ ọ.

Ohun tó gbọ́ ni ẹ̀rín, ẹ̀rín ilé tó pọ̀ bí ìlú, àwọn ìyá, àwọn bàbá, ẹlẹ́kọ, gbogbo wọn. Ó sì dá ti Ruqoyyah mọ̀ láàrin wọn, ní ẹnu ọ̀nà, níta, tó rẹ́rìn-ín débi pé ó ń wúkọ́. Lórí gbogbo rẹ̀ ni ohùn kan tí kì í ga ti ga fún ìgbà àkọ́kọ́.

"Àna wa," ni Ààfáà Abdulmumini ń pè. "Ta ló ní kí o dìde?"

Gàní ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìkóríta kí ọ̀rọ̀ náà tó bá a. Ó gbọ́ ọ ní ìgbésẹ̀ kan, ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i ní ìgbésẹ̀ kejì. Wọn kì í bi olè ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Ó yí orí padà wò wọ́n, ó ṣì ń sá lọ, ẹsẹ̀ lásán, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀ gbayawu, kò sì sí nǹkan kan nínú rẹ̀ láti sọ.